Àbísọ nìkan kò tó: àbá lórí "orúkọ àdájẹ́" àti "orúkọ àjọjẹ́"

Ẹ̀yin ará mi,

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni pé kí la ó máa pe orúkọ tí ènìyàn ń jẹ́ fúnra rẹ̀, yàtọ̀ sí èyí tí gbogbo ẹbí jọ ń jẹ́, nígbà tí a bá ń kọ̀wé nípa orúkọ àwọn ènìyàn káàkiri àgbáyé. Mẹ́ta lẹ ti mú wá: orúkọ àkọ́kọ́, orúkọ ìsàmì, orúkọ àbísọ. Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú wọn.

"Orúkọ àkọ́kọ́" ló yẹ ká kọ́kọ́ gbé sílẹ̀. Inú fọ́ọ̀mù la ti mú un jáde. Kò sọ ju ibi tí orúkọ jókòó sí lọ, ibi tó sì ń jókòó sí kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo. Mao ni orúkọ ìdílé Mao Zedong, olórí China tẹ́lẹ̀. Ní Hungary, Puskás Ferenc ni wọ́n ń pe agbábọ́ọ̀lù tí àwa mọ̀ sí Ferenc Puskás. Ferenc, tí í ṣe Francis lẹ́nu tiwọn, ló ń gbẹ̀yìn. Láti oṣù kìíní ọdún 2020 ni ìjọba Japan ti ń fi orúkọ ìdílé ṣáájú nínú ìwé ìjọba, kódà bí wọ́n bá fi lẹ́tà àwọn Òyìnbó kọ ọ́.

"Ìsàmì" kò gba àlàyé púpọ̀. Jòhánù inú Bíbélì ni Yahya inú Àlùkùráánì, ta ló sàmì fún Yahya? Àwọn Gíríìkì sì ti ń sọ ọmọ ní Theodoros, "ẹ̀bùn ọlọ́run", ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí wọ́n tó bí Jésù.

"Àbísọ" ló gba àròjinlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tiwa ni, ó dùn létí, mo sì mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ yín fi dúró tì í. Ṣùgbọ́n ó ti níṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀: òun la fi ń ya orúkọ tí òbí ronú sọ sọ́tọ̀ kúrò lára àmútọ̀runwá, èyí tí ọmọ gbé wá fúnra rẹ̀. Ẹ pe Táíwò tàbí Ìgè ní orúkọ àbísọ níwájú àgbàlagbà, yóò tún un ṣe fún yín lójú ẹsẹ̀. Bí a bá wá fi àbísọ bo gbogbo orúkọ tí kì í ṣe ti ìdílé mọ́lẹ̀, irinṣẹ́ tó mú jù lọ tí a fi lè ṣàlàyé orúkọ àwọn ẹlòmíràn la sọ nù yẹn.

Ẹ wo Kofi Atta Annan, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 1938 ni wọ́n bí i, ọjọ́ Ẹtì ni. Láàárín àwọn Akan ní Ghana, ọkùnrin tí a bí lọ́jọ́ Ẹtì, Kofi ni. Bó bá jẹ́ obìnrin, Efua tàbí Afua. Ìbejì sì ni Annan, Atta ni wọ́n ń pe ìbejì, Efua Atta sì ni èkejì rẹ̀. Òbí kankan kò jókòó ṣàṣàrò kó tó rí àwọn orúkọ wọ̀nyí. Ọjọ́ ìbí ló sọ ọ̀kan, bí wọ́n ṣe wáyé ló sọ èkejì. Lójú tèmi, àmútọ̀runwá gidi ni. Ní erékùṣù Bali, láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀, àkọ́bí a máa jẹ́ Wayan, èkejì Made, ẹ̀kẹta Nyoman, ẹ̀kẹrin Ketut. Bí ẹ̀karùn-ún bá dé, wọn a tún padà sí Wayan. Ẹni tó bá mọ Ìdòwú àti Àlàbá kò ní bèèrè pé kí ló dé.

Ó tún ku ti Mongolia, èyí tó wọ̀ mí lára jù. Níbẹ̀ ni àwọn kan ti ń jẹ́ Nergui, "kò lórúkọ", àti Enebish, "kì í ṣe èyí". Òbí tí ọmọ ti ń kú mọ́ lọ́wọ́ ló ń sọ ọ́, kí ẹ̀mí burúkú má baà dá ọmọ mọ̀. Ẹ ti rántí Málọmọ́ àti Kòsọ́kọ́. Ṣùgbọ́n àwa, ọmọ là ń bá sọ̀rọ̀: a ń bẹ̀ ẹ́, a sì ń dẹ́rù bà á. Àwọn, ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ lọ ni wọ́n ń tàn. Ìbẹ̀rù kan náà, ọ̀nà méjì. A ò lè rí irú ìyàtọ̀ yìí bí àbísọ bá gbé àmútọ̀runwá àti orúkọ àbíkú mì.

Nítorí náà, orúkọ àdájẹ́ àti orúkọ àjọjẹ́ ni mo dábàá. A ti ní àdáṣe àti àjọṣe, kò sẹ́ni tí wọ́n ṣàjèjì sí. Èyí tí ẹnì kan dá jẹ́ nínú ẹbí ni àdájẹ́. Èyí tí wọ́n jọ ń jẹ́ ni àjọjẹ́. Àbísọ, àmútọ̀runwá àti orúkọ àbíkú yóò wá wà lábẹ́ àdájẹ́, olúkúlùkù pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹnì kan ti ní bí a kò bá fi àmì sí i, yóò di àdájẹ àti àjọjẹ, bí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. "Orúkọ" ló ń ṣáájú rẹ̀, ìyẹn á tọ́ òǹkàwé sọ́nà. Ẹni tó bá sì ń kọ̀wé lórí orúkọ láìfi àmì sí i ti ba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ́ ná. Òmíràn ní Kofi pọ̀ nígboro, kí ló dá jẹ́ níbẹ̀? "Dá" kò sọ pé kò sí irú rẹ̀ mọ́ láyé, ó sọ pé orúkọ náà kì í ṣe ti gbogbo ilé. Sukarno, ààrẹ àkọ́kọ́ Indonesia, àdájẹ́ nìkan ló ní, kò ní àjọjẹ́ rárá, àlàyé náà sì dúró.

Iceland ló ṣì ń yọ mí lẹ́nu. Vigdís Finnbogadóttir, tó jẹ́ ààrẹ wọn láti 1980 sí 1996, "ọmọbìnrin Finnbogi" ni orúkọ kejì rẹ̀ ń sọ. Arákùnrin rẹ̀ á jẹ́ Finnbogason, nítorí náà wọn ò jọ jẹ́ ẹ. Kì í ṣe àdájẹ́, kì í ṣe àjọjẹ́. Àwọn kan fẹ́ ká pè é ní "orúkọ bàbá", ṣùgbọ́n Heiðar Helguson, agbábọ́ọ̀lù wọn, orúkọ ìyá rẹ̀, Helga, ló ń jẹ́. "Orúkọ ọmọ-ta-ni" ni mo ń lò fún un báyìí. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀, tó sì gba bàbá àti ìyá mọ́ra, kó gbé e wá.