Wákàtí mélòó ni kí n fi sí Ben Nevis?

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ ẹ̀ fẹ́ lọ gun Ben Nevis ní Scotland níparí oṣù kẹsàn-án, àlọ àtàbọ̀ lọ́jọ́ kan náà, ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà láti Glen Nevis la máa gbà. Òkè yẹn ga tó mítà 1,345, ìrìn ẹ̀ lápapọ̀ á tó kìlómítà 17.

Mo fi òfin Naismith ṣírò ẹ̀, ìyẹn wákàtí kan fún kìlómítà 5, kéèyàn wá fi wákàtí kan kún un fún gbogbo mítà 600 tó bá gùn, ó lé díẹ̀ ní wákàtí márùn-ún àtààbọ̀. Ọkàn mi ò gbà á rárá, torí òfin yẹn ò ka ìsinmi, kò ka oúnjẹ, kò sì mọ ẹ̀gbọ́n mi tó máa ń ya fọ́tò gbogbo òkúta tó bá rí! Orúnkún ọkọ ẹ̀ tún máa ń dùn ún tó bá ń sọ̀kalẹ̀. Àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè tó lé ní 600 la gùn kẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni èmi gan-an jókòó.

Oòrùn á wọ̀ ní nǹkan bí aago méje alẹ́. Mo ní ká gbéra láago méje àárọ̀, ká fi wákàtí mẹ́sàn-án sí i, tá ò bá tíì dókè láago kan ọ̀sán ká yí padà. Ẹ̀gbọ́n mi ní ojo ni mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gùn ún, ṣé mẹ́sàn-án tó? Báwo lẹ ṣe pín tiyín, pàápàá ìsọ̀kalẹ̀?