Ariwo jẹnẹrétọ̀ ń da ìlù ọkàn rú mọ́ mi lójú: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Kubwa l'Ábújá níbí ni mo wà. Mò ń fi kọ̀ǹpútà wo bí ọkàn àti òógùn ṣe ń yí padà tí ọpọlọ bá ń ṣiṣẹ́ agbára. Mo lẹ wáyà mọ́ àyà àti ìka àbúrò mi, mo ní kó máa yọ 7 kúrò nínú 1000 lọ sísàlẹ̀. (Ó ti ní òun ò ṣe mọ́ àfi tí mo bá ra súyà.)

Tí iná ìjọba bá wà, ariwo rẹ̀ (kì í ṣe èyí tí etí ń gbọ́ o, iná tó ń dà mọ́ ìlà ìlù ọkàn ni) máa ń wọlé ní 50 Hz, ìyẹn ìgbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mo sì ń fi Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, sẹ́ ẹ bí ẹní sẹ́ ògì. Ìjàngbọ̀n dé tí a bá tan jẹnẹrétọ̀. Ariwo tiẹ̀ kì í dúró sójú kan. Bí fíríìjì bá ti gbéra báyìí, iye Hz ariwo náà á sọ̀kalẹ̀, asẹ́ mi á wá máa sẹ́ ibi tí ariwo ò sí. Tí mo bá mú asẹ́ náà fẹ̀, ṣóńṣó ìlù ọkàn á bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ àlàfo àárín ṣóńṣó kan sí èkejì gan-an ni mò ń wá. Bátìrì láptọ́ọ̀pù nìkan ni mò ń lò, torí ààbò àbúrò mi, síbẹ̀ wáyà ara ògiri ò jẹ́ ká sinmi.

Ṣé asẹ́ tó ń tọpa ariwo kiri ni kí n kọ́, àbí kí n kàn dúró de òru tí àdúgbò bá pa jẹnẹrétọ̀?

Ọ̀kan ṣì kù: ọyẹ́ ti gbẹ awọ ìka, ìlà òógùn kàn tẹ́ pẹrẹsẹ ni. Kí lẹ máa ń fi pa á?