Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Báwo ni mo ṣe lè máa lo console sáfà tí a pín sí mẹ́ta láti ilé láìséwu?

Ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Sáfà IBM Power kan wà ní ilé iṣẹ́ wa ní Ìkẹjà, tí a pín sí mẹ́ta: ìpín kan fún owó àwọn oníbàárà, ọ̀kan fún ìdánwò, ọ̀kan fún àwọn tó ń kọ ètò. IBM i, ètò ìṣiṣẹ́ ti IBM, ló wà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, HMC kan ṣoṣo (kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣàkóso sáfà) ló sì ń darí wọn. Ìbàdàn ni èmi ń gbé, ṣùgbọ́n Sátidé tó kẹ́yìn oṣù kì í kọjá kí n má wà ní Ìkẹjà, nítorí pé nígbà tí a bá ń fi àṣẹ GO SAVE 21 ṣe ẹ̀dà odidi ìpín sórí téèpù, ẹ̀rọ máa ń lé gbogbo ènìyàn jáde, console nìkan, ìyẹn ojú tí a fi ń pàṣẹ fún ìpín ní tààrà, ló ń kù.

Ní oṣù tó kọjá, mo gbìyànjú rẹ̀ láti ilé nípasẹ̀ VPN, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ọ́fíìsì. Mo wọ HMC, mo gba console ìpín owó, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí aago méjì òru ni íntánẹ́ẹ̀tì ilé mi lọ, kò sì padà títí ilẹ̀ fi mọ́. Téèpù àkọ́kọ́ kún, ẹ̀rọ ń béèrè èkejì, kò sí ẹni tó lè dáhùn. Ọmọ tó ń ṣọ́ yàrá sáfà dúró ti ẹ̀rọ, téèpù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní orúkọ ìwọlé HMC kankan. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni àwọn oníbàárà tó rí iṣẹ́ wọn ṣe, ọkàn mi kò sì tíì balẹ̀ láti ìgbà náà. Agbaṣẹ́ṣe wa wá ní kí a ṣí pọ́ọ̀tù 2300 HMC (ẹnu ọ̀nà tí à ń gbà dé console láti òkèèrè) sí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó lè rọrùn fún mi láti wọlé láti ibikíbi. Ṣé kí a gbà fún un?

Ìdáhùn kìíní
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà. Ohun gbogbo tí ẹ bá tẹ̀ lórí 2300, títí kan ọ̀rọ̀ aṣínà, ń lọ ní gbangba láìbò. 2301 ló ń bò ó. Síbẹ̀, 2301 pàápàá kì í ṣe ohun tí à ń ṣí síta, nítorí ẹni tó bá ráyè wọ HMC lè pa ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìní orúkọ ìwọlé kankan nínú IBM i. VPN ni kí ẹ dúró lé. Nínú firewall HMC (ètò tó ń sọ ohun tó lè wọlé), ẹ gba 5250, ìyẹn irú console tí IBM i ń lò, láàyè ní ojú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó kọjú sí ọ́fíìsì. Èyí tó so mọ́ sáfà fúnra rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ìdáhùn kejì
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, irú òru bẹ́ẹ̀ kò dára. Mo fara mọ́ ohun tí ẹni ìṣáájú sọ, ṣùgbọ́n pọ́ọ̀tù kọ́ ló dá yín lóró. Nígbà tí orúkọ àwọn ìpín bá jáde, 1 ń fún yín ní console ti ẹnì kan ṣoṣo, 2 ń fún yín ní èyí tí ẹ lè jọ lò. Mo fura pé 1 ni ẹ tẹ̀. Bí ẹ bá tẹ 2, yóò ní kí ẹ yan kọ́kọ́rọ́ kan, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí gbogbo ẹni tó fẹ́ bá yín níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tó wà nínú yàrá sáfà ló ń kọ́kọ́ ṣí i lórí HMC gan-an, ẹni tó wà nílé á wá fi kọ́kọ́rọ́ náà bá a níbẹ̀. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń rí. Bí íntánẹ́ẹ̀tì ẹni tó wà nílé bá lọ, ẹnì kejì ṣì wà níbẹ̀ láti dáhùn ọ̀rọ̀ téèpù.

Ìdáhùn kẹta
Ẹ kọ́kọ́ dá orúkọ ìwọlé tirẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ yẹn, ẹ má fún un ní hscroot, orúkọ ìwọlé ọ̀gá HMC, láé. HMC gbà kí a pààlà ohun tí ẹnì kan lè ṣe àti ìpín tí ó lè fọwọ́ kàn.

Èmi tí mo béèrè
Ẹ ṣeun púpọ̀. Òótọ́ ni, 1 ni mo tẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí agbaṣẹ́ṣe pé a kò ní ṣí 2300. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ a dán an wò lórí ìpín àwọn tó ń kọ ètò: ọmọ náà ṣí console ní Ìkẹjà, mo bá a níbẹ̀ láti Ìbàdàn, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mi. Ó pè mí lórí fóònù, ó ń ka ohun tó wà lójú console fún mi ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó ku ìpín owó ní Sátidé.