Arọ́pò àbí adelé: kí ni ká máa pe iṣẹ́ apá ọ̀tún ọpọlọ?

Àbá tó wà níwájú wa nìyí: bí rọpárọsẹ̀ bá ba apá òsì ọpọlọ jẹ́, tí aláìsàn kò sì rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́, kí a máa pe apá ọ̀tún tó ń gbà á sílẹ̀ ní "ọpọlọ arọ́pò". Ẹni tó dá a lábàá ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ arọ́pò-orúkọ láti ilé ìwé, kò ní ṣòro fún wọn. Lóòótọ́, kò ṣòro. Ohun tí mo takò níbẹ̀ ni pé bí ẹnìkan bá ti rọ́pò rẹ, ìwọ ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn.

Arọ́pò ní ẹ̀rí lẹ́yìn o. Ní 1861, Paul Broca yẹ ọpọlọ ọkùnrin kan wò ní Bicêtre, lẹ́bàá Paris. Kò sí ohun tí ọkùnrin náà ń sọ ju "tan" lọ nígbà ayé rẹ̀, iwájú apá òsì ló sì bàjẹ́. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé apá òsì ni ọ̀rọ̀ fìdí sí fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní 1877, Thomas Barlow ní London ròyìn ọmọkùnrin ọlọ́dún 10 kan tí ọ̀rọ̀ pòórá lẹ́nu rẹ̀, tó padà láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí àìsàn tún kọlù ú, tí ọ̀rọ̀ sì tún lọ. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n rí i pé apá òsì ni ìbàjẹ́ àkọ́kọ́ wà, èkejì wà ní irú ibẹ̀ gan-an lápá ọ̀tún. Ìyẹn ni pé apá ọ̀tún ló ti gba iṣẹ́ ọ̀rọ̀ náà ṣe kí òun náà tó bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn onímọ̀ ní Jámánì tẹ̀ jáde ní 2006. Wọ́n ya àwòrán ọpọlọ àwọn aláìsàn 14 lẹ́ẹ̀mẹta. Ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ àìsàn, ìwọ̀nba díẹ̀ ni èyí tó ṣẹ́kù lápá òsì ń ṣe. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, iṣẹ́ ti gbóná lápá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ sì ń dára sí i. Nígbà tí ọdún ń yí po, iṣẹ́ ti padà sí apá òsì, sí àwọn ibi tí àrùn kò dé.

Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, adelé là ń pè é. Ó ń delé ni. Wọ́n ti takò mí pé ní Àkúrẹ́, ìgbà tí ọba bá wàjà ni adelé ń jẹ, pé onílé yẹn kò ní padà wá mọ́. Mo gbà, ṣùgbọ́n a tún ń sọ adelé gómìnà nígbà tí gómìnà bá rìnrìn àjò. Ohun tó pa méjèèjì pọ̀ ni pé ipò náà kì í ṣe ti adelé. Àwọn oníṣègùn kan ní Boston tilẹ̀ fi agbára òòfà dẹ ìṣiṣẹ́ ibì kan lápá ọ̀tún fún àwọn aláìsàn mẹ́rin tí àìsàn náà ti pẹ́ lára wọn. Ìwádìí náà jáde ní 2005: pípe orúkọ nǹkan rọrùn fún wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Adelé tó jókòó kọjá àkókò lè dí onílé lọ́wọ́.

Àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn nílé ni mo ń rò. Bí wọ́n bá gbọ́ arọ́pò, wọ́n á gbà pé ti apá òsì ti tán, wọ́n á sì máa gbẹnu aláìsàn sọ̀rọ̀ dípò kí wọ́n máa bá a sọ ọ́. Mo tún bẹ̀ yín, kí a yé pè é ní odi. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tí rọpárọsẹ̀ ń kọlù ni ìṣòro ọ̀rọ̀ yìí ń ṣẹlẹ̀ sí, ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń ka ení, èjì, tí wọ́n ń ṣe àmín, tí wọ́n ń kọrin. "Ìpàdánù ọ̀rọ̀" tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹlòmíràn ní apá ọ̀tún ló ni orin, pé nítorí pé ohùn ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ nínú Yorùbá, èdè wa ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí a ṣọ́ra níbí. Ìwádìí lórí èdè Thai àti ti Ṣáínà, tí àwọn náà ní ohùn, fi hàn pé ìbàjẹ́ apá òsì ń da ohùn ọ̀rọ̀ rú. Ohùn tó ya ọkọ́ sọ́tọ̀ sí ọkọ̀, ara ọ̀rọ̀ ni. Láti 1973 ni wọ́n ti ń fi orin kọ́ àwọn aláìsàn ní gbólóhùn kéékèèké ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ní Yorùbá, kí orin rẹ̀ bá ohùn ọ̀rọ̀ lọ. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ló ń kọ́ni.

Ó ku ọmọdé. Yunifásítì Georgetown tẹ ìwádìí jáde ní 2022 lórí àwọn tí rọpárọsẹ̀ ba apá òsì ọpọlọ wọn jẹ́ nígbà ìbí. Nígbà tí wọ́n dàgbà, apá ọ̀tún ni èdè wọn wà, wọ́n sì ń sọ ọ́ dáadáa. Onílé kò tíì kó débẹ̀ rí, nítorí náà àrólé ni mo máa pe tiwọn. Fún àgbàlagbà tí àrùn náà ti run gbogbo ibùdó èdè lápá òsì, tó jẹ́ pé ìwọ̀nba tí apá ọ̀tún bá sọ ló kù fún un, èmi náà fara mọ́ arọ́pò.