Ṣé kí n yọ̀ǹda oko kòkó bàbá wa fún ọ̀nà ìlú?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Lẹ́bàá Ìjerò-Èkìtì níbí, ìlú fẹ́ la ọ̀nà gba inú oko kòkó tí bàbá wa fi sílẹ̀. Òun ni màmá wa fi rán wa níléèwé, òun náà ni wọ́n ṣì ń jẹ. Ọ̀nà yẹn ṣe pàtàkì o: aboyún ti bímọ sórí ọ̀kadà rí. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 ní kí ìjọba san owó irè oko tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé, ṣùgbọ́n ìlú ló ń la èyí, kò sówó. Kòkó tuntun á tó ọdún 3 sí 5 kó tó so. Màmá ti lé ní 70. Èmi lè fara dà á. Ṣé mo wá lẹ́tọ̀ọ́ láti fi oúnjẹ tiwọn tọrẹ?