Píkọ̀ọ̀pù mi ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, mo ti pààrọ̀ gbogbo nǹkan: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọlọ́kọ̀ Àtijọ́:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí ti dà mí lọ́kàn rú. Píkọ̀ọ̀pù mi ti dàgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ló ń bọ́ wa nílé, òun ni mo fi ń kó ẹrù fáwọn èèyàn. Ní báyìí, kò lè gbé ẹrù dé ibi tó ń lọ kí abẹ́rẹ́ ìgbóná má gun òkè, kí omi má sì máa hó nínú rédíétọ̀. Mo ti pààrọ̀ rédíétọ̀, tuntun ni, kì í ṣe àlòkù. Mo pààrọ̀ pọ́ǹpù omi. Mo pààrọ̀ rọ́bà omi tòkè tìsàlẹ̀. Mẹkáníìkì tó ṣe é ò gbé fóònù mi mọ́. Ìgbà tó gbé e kẹ́yìn, ó ní "Bàbá, ọkọ̀ yín ti gbó, ẹ tà á." Ṣé ohun tí wọ́n ń sọ fún oníbàárà nìyẹn lẹ́yìn tí wọ́n ti gbowó tán? Ìyàwó mi náà ti wá ń kọ orin yẹn sí mi létí. Lójú mi báyìí ni oníbàárà kan já ẹrù rẹ̀ kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ mi, tó kó o sínú ti ẹlòmíì, kò tilẹ̀ kí mi pé ó dàbọ̀. Bẹ́ẹ̀ ọ̀dà ara ọkọ̀ yìí ṣì ń dán, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò sì tíì jẹ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó jọ̀ọ́ ràn mí lọ́wọ́.

Àǹtí Awakọ̀:
Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ìgbà wo gan-an ló máa ń gbóná? Ṣé inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni, àbí ìgbà tẹ́ ẹ bá ń sáré lọ́nà márosẹ̀? Ẹ ò sọ ìyẹn fún wa.

Ẹlẹ́rù:
Ẹ yọ thermostat dànù, fáàfù kékeré tó ń ṣí ọ̀nà omi lọ sí rédíétọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti yọ tèmi, ọkọ̀ mi ò gbóná mọ́. Ilẹ̀ tí òtútù ń mú ni wọ́n ṣe nǹkan yẹn fún.

Mẹkáníìkì Ti Pẹ́:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ìyẹn gbọ́. Thermostat tó dáa máa ń ṣí nígbà tí omi bá gbóná tó bíi 82°C sí 90°C, omi á wá kọjá sínú rédíétọ̀ kó lọ tutù. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, bó ṣe ń ṣí yẹn náà ló ń dí ihò kékeré tí omi gbígbóná ń gbà padà láì dé rédíétọ̀ rárá. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ihò yẹn wà ní gbayawu nìyẹn, omi gbígbóná kan náà á kàn máa yí po nínú ẹ́ńjìnnì. Tẹ́ ẹ bá fura sí i, ẹ fi okùn gbé e kọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná, ẹ máa wò ó bóyá ó máa ṣí.

Ẹlẹ́rù:
Ìwé lẹ fi ń sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ lèmi ń wà.

Mẹkáníìkì Ti Pẹ́:
Ọwọ́ mi ni mo fi ń tú wọn, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe ìwé.

Ọlọ́kọ̀ Àtijọ́:
Ẹ má jà nítorí mi. Thermostat wà níbẹ̀, òun náà tuntun ni. Mo ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí àwọn kan nínú yín, mi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdí ọkọ̀. Omi lásán ni mo ń bù sí i báyìí torí coolant, èròjà tí wọ́n ń pò mọ́ omi rédíétọ̀, tí wọ́n dà sí i ti hó dànù tán. Ohun tó tilẹ̀ ń yà mí lẹ́nu ni pé nígbà míì abẹ́rẹ́ á dédé já wálẹ̀, màá rò pé ó ti tutù. Màá fi aṣọ dì í mú, màá ṣí ìdérí rédíétọ̀, ó sì máa tú sókè.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ gbà mí o! Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láé. Ọwọ́ àbúrò mi ọkùnrin ṣì ní àpá rẹ̀ títí dòní, apá ọ̀tún láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, aṣọ náà lòun náà fi dì í mú. Ọkọ̀ tiwa nígbà yẹn, a pààrọ̀ rédíétọ̀, a pààrọ̀ pọ́ǹpù, àṣé tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, ló ti jó. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ẹ wò ó bóyá ọ́ìlì ti funfun bíi wàrà. Ẹ wo èéfín ẹ̀yìn ọkọ̀ náà bóyá ó funfun.

Mẹkáníìkì Ti Pẹ́:
Ẹ ṣé o, Ìyá Ìbejì. Ìdérí yẹn máa ń há agbára afẹ́fẹ́ tó tó bíi bar kan mọ́ inú rédíétọ̀. Nítorí ẹ̀, omi lè gbóná tó 120°C níbẹ̀ kó má tíì hó. Gẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ bá ṣí i, omi á hó lójijì, òun àti nya á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Abẹ́rẹ́ tó já wálẹ̀ yẹn ò sì túmọ̀ sí pé ọkọ̀ ti tutù: omi ti fò kúrò lára sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ìgbóná ni, kò rí ohun tó máa wọ̀n mọ́. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ pa ẹ́ńjìnnì.

Ọmọ Ọlọ́kọ̀:
Ẹ yẹ pọ́ǹpù omi wò.

Ìyá Ìbejì:
Wọ́n ti ní àwọn ti pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ máa ka ọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó dáhùn.

Àǹtí Awakọ̀:
Sà, ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni àbí márosẹ̀?

Ọlọ́kọ̀ Àtijọ́:
Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni, àti ìgbà tí ẹrù bá wà lẹ́yìn tí mo ń fi jíà kìíní gun òkè. Lórí márosẹ̀, abẹ́rẹ́ á padà sí àárín. Ọ́ìlì mọ́, èéfín ò funfun. Kẹ́ ẹ tó sọ pé fáànù ni, fáànù ń yí dáadáa. Kódà láti ìgbà tí wọ́n ti yọ ike ńlá tó yí i ká, mò ń rí i kedere bó ṣe ń yí.

Àǹtí Awakọ̀:
Ike wo?

Ọlọ́kọ̀ Àtijọ́:
Ike dúdú tó wà láàárín fáànù àti rédíétọ̀. Rédíétọ̀ tuntun nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ike yẹn ò wọlé mọ́, mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Irin lomi ń gbà kọjá, irin ló ń tutù. Kí ni ike fẹ́ ṣe níbẹ̀?

Mẹkáníìkì Ti Pẹ́:
Bàbá, ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ dúró sí. Ike yẹn ló ń mú kí fáànù fa afẹ́fẹ́ gba gbogbo ojú rédíétọ̀ kọjá. Tí kò bá sí, àárín nìkan ni fáànù á máa fà, á sì tún máa fa afẹ́fẹ́ gbígbóná ara ẹ́ńjìnnì láti ẹ̀gbẹ́. Lórí márosẹ̀, eré ọkọ̀ fúnra ẹ̀ ló ń ti afẹ́fẹ́ wọlé, ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ fi ń wálẹ̀. Ẹ ṣe èyí: ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ gbóná, kó dúró lójú kan, kẹ́ ẹ gbé abala ìwé kan síwájú rédíétọ̀, láti iwájú o, kì í ṣe níhà fáànù. Ẹ gbé e síbi gbogbo, ẹ wo ibi tó ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹlẹ́rù:
Ọkọ̀ tèmi ò ní ike kankan.

Mẹkáníìkì Ti Pẹ́:
Tó bá jẹ́ fáànù oníná ni tiyín, férémù tí wọ́n dè é mọ́ ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ti Bàbá, bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ló ń yí i.

Ọlọ́kọ̀ Àtijọ́:
Mo ti gbé ìwé síbẹ̀. Láàárín, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Lápá òkè àti níhà bátìrì, ó já bọ́ sílẹ̀. Mi ò sọ pé ike ló fà á o, mẹkáníìkì yẹn ló yẹ kó ra rédíétọ̀ tó bá ọkọ̀ mu. Ike náà ṣì wà lẹ́yìn ilé. Báwo ni mo ṣe máa dè é tí kò ní kan fáànù?

Mẹkáníìkì Ti Pẹ́:
Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ gbé e sẹ́yìn díẹ̀, kí ìdajì abẹ fáànù wọ inú ike, kí àlàfo tó bíi sẹ̀ǹtímítà méjì wà yí i ká. Bóòtù ni kí wọ́n fi dè é, kì í ṣe wáyà, torí fáànù á gé e. Kẹ́ ẹ wá pààrọ̀ ìdérí rédíétọ̀. Ẹ da coolant àti omi sí i ní ìdajì-ìdajì, ẹ gbé imú ọkọ̀ sókè, ẹ ṣí híítà sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ lè jáde. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, tí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, ẹ ṣí ìdérí kẹ́ ẹ tó tan án, ẹ tan án, ẹ wo ojú omi. Ó ti hó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, gásíkẹ́ẹ̀tì lè ti fara gbá. Tí ìfófó bá ń ru sókè láìdáwọ́ dúró, ẹ padà wá sọ fún wa kẹ́ ẹ tó gbé ẹrù.

Ọlọ́kọ̀ Àtijọ́:
Ó dáa. Mò ń lọ gbé ike yẹn.