Pípààrọ̀ tíúbù oúnjẹ fún aláìsàn tó máa padà sílé lọ́jọ́ náà: ṣé ká fún un ní abẹ́rẹ́ oorun?

Nọ́ọ̀sì_Kubwa
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Bàbá ẹni ọdún 71 ni, rọpárọsẹ̀ mú wọn. Tíúbù oúnjẹ oníbálúùnù (bálúùnù kékeré tó kún fómi ló dì í mú nínú) ti wà níkùn wọn láti oṣù 4, ó ti ń jò báyìí. Àwọn ọmọ wọn ń bẹ̀ wá ká fún wọn ní midazolam, ìyẹn abẹ́rẹ́ oorun, kí wọ́n má baà jà, kí wọ́n lè gbé wọn padà sí Nyanya nírọ̀lẹ́. Bàbá máa ń hanrun gan-an. Ṣé kò léwu?

Dókítà_Gwagwalada
Ó léwu, sista, kò sì pọn dandan. Ihò ikùn ti jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, tíúbù oníbálúùnù kò sì ní í dunni púpọ̀. Ẹ fi sìríńjì fa omi inú bálúùnù tán, ẹ fi jẹ́ẹ̀lì lidocaine 2% (tó ń pa ìrora) sójú ihò, ẹ ní sùúrù díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fà á jáde. Tuntun tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu ni kẹ́ ẹ tì wọlé. Bó bá kọ̀, ẹ má fipá tì í. Omi abẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ fi kún bálúùnù, iye tí wọ́n kọ sára tíúbù, ó sábà máa ń jẹ́ 5 sí 10 ml. Omi oníyọ̀ lè dì sẹ́nu fáàfù, bálúùnù ò sì ní tú mọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ ọ́.

Ohun tí mo kórìíra jù nínú abẹ́rẹ́ oorun níbí ni pé ó ń pa aláìsàn lẹ́nu mọ́. Bí tíúbù bá ṣìnà, tó wọ àyè ikùn dípò àpòlúkù, ìrora ló máa kọ́kọ́ sọ fún wa.

Olóorun_Abuja
Òótọ́ ni dókítà sọ. Ẹni tó ń hanrun, ọ̀fun rẹ̀ á rọ̀ dí ọ̀nà èémí. Tíúbù onídíìsì (èyí tí díìsì líle dì mú nínú dípò bálúùnù) nìkan ló lè mú wa lo abẹ́rẹ́ oorun. Nígbà yẹn, kó tó gba abẹ́rẹ́, kó má jẹun fún wákàtí 6, kó má mu omi fún wákàtí 2. Ògì tó gba tíúbù kọjá, oúnjẹ ni o! Fún àgbàlagbà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 0.5 sí 1 mg midazolam, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi pentazocine (oògùn ìrora) kún un. Ọ́síjìn, ẹ̀rọ tó ń fa itọ́, ẹ̀rọ ìka tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, tó ní bátìrì (iná lè lọ nígbàkúgbà), àti flumazenil (oògùn tó ń pa agbára midazolam) gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Agbára flumazenil máa ń tán ṣáájú ti midazolam, nítorí náà ẹni tẹ́ ẹ bá fún kò gbọdọ̀ tètè lọ sílé.

Nọ́ọ̀sì_Kubwa
Ẹ ṣé gan-an. Kí ló máa fi yé wa pé ó wọ àpòlúkù?

Dókítà_Gwagwalada
Ẹ fa omi inú rẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ wọn pH rẹ̀ (bó ṣe kan tó): 5 tàbí kó dín ló yẹ kó jẹ́. Bí wọ́n bá ń lo omeprazole (oògùn tó ń dín ásíìdì inú ikùn kù), ó lè ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ fi 20 sí 30 ml Gastrografin (omi tó máa ń hàn lórí ẹ́síréè) sínú tíúbù, kẹ́ ẹ ya ẹ́síréè. Ẹ má fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kẹ́ ẹ wá máa tẹ́tí sí ikùn. Ìyẹn ń tanni jẹ. Ẹ sì kìlọ̀ fáwọn ọmọ bàbá: bó bá yọ nílé, kí wọ́n gbé wọn wá kíákíá, wákàtí mélòó kan péré ni ihò náà fi ń pa dé.